Bí a ṣe rí orúkọ fún ọmọkùnrin wa ní Kubwa, Abuja

Ṣẹ́gun ni orúkọ mi. Ìlú Jọ́ọ̀sì ni wọ́n bí mi sí, torí ibẹ̀ ni bàbá mi ti ń ṣòwò, bí ọ̀pọ̀ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe máa ń gba òkè Ọya lọ wá oúnjẹ òòjọ́ wọn. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ kíláàsì, tíṣà pe orúkọ mi, gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. "Shegu" ni etí àwọn ọmọ Hausa gbọ́. Ẹni tó bá gbọ́ èdè wọn mọ̀ pé ọmọ àlè ni shege. Tí wọ́n bá ti ju ẹyọ kan lọ, wọ́n di shegu. Títí mo fi jáde ìwé mẹ́fà, ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lára mi. Mo máa ń sunkún wálé, bàbá mi á ní kí n sọ fún wọn pé orúkọ ìṣẹ́gun ni. Ta ló fẹ́ gbọ́? Àwọn ará àdúgbò wa ló ràn mí lọ́wọ́. Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n bí mi, Danladi ni Hausa ń pe ọkùnrin tí wọ́n bá bí lọ́jọ́ náà, orúkọ yẹn ni mo sì sá sábẹ́ rẹ̀. Títí dòní, àwọn tá a jọ gbá bọ́ọ̀lù nígbà yẹn kò mọ̀ pé mo ní orúkọ mìíràn.

Nítorí náà, nígbà tí a ṣe scan, tí wọ́n sọ pé ọkùnrin ló wà nínú ìyàwó mi, inú mi dùn, ẹ̀rù sì bà mí. Tómi, ọmọbìnrin wa àkọ́kọ́, kò yọ wá lẹ́nu rárá. Ìyá ìyàwó mi mú orúkọ wá, gbogbo wa ní àmín. Ti ọkùnrin yìí, mo pinnu pé kò sí ẹni tí yóò fi orúkọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ lójú mi.

Pákó ni mò ń tà ní ọjà Dei-Dei. Kò sí ẹ̀yà tí kì í tẹ ẹsẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù mi lóòjọ́. Mo kọ orúkọ mẹ́sàn-án sẹ́yìn ìwé tí mo fi ń ṣírò pákó, mo wá ń bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n bá mi pè é. Mallam kan tó máa ń bá mi kó pákó sínú ọkọ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo ní kó pe Gbénga, ó pe Gwenga. Mo tún un pè fún un, ó wò mí lẹ́nu dáadáa, ó ní Gwenga. Ibẹ̀ ni nǹkan kan ti yé mi tí mo ti ń gbọ́ láti ọjọ́ tí mo ti dé Abuja láìfi ọkàn sí i: Gbagyi ni àwọn onílẹ̀ ibí ń pe ara wọn, Gwari ni Hausa ń pè wọ́n. Gb yẹn náà ló di gw. Pẹ̀lúmi di Felumi, torí p kì í sábà dúró lẹ́nu Hausa, f ló máa ń bọ́ sí. Mo fi báírò fa ìlà sí méjèèjì. Adéwálé jáde geere, bí ẹni pé ilé wọn ni wọ́n ti ń jẹ́ ẹ. Mo fi àmì sí i.

Alhaji kan tó máa ń wá ra pákó láti Suleja bá wa lẹ́nu rẹ̀. Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, kò sì pe orúkọ kankan. Ó bi mí pé, "Ta ló jẹ́ èyí rí nílé yín?" Mi ò rí èsì fún un. Ó wá jókòó sórí pákó, ó ní ìlú tòun gan-an ló ń jẹ́ Abuja tẹ́lẹ̀. Ọba kan tó ń jẹ́ Abu ló tẹ̀ ẹ́ dó ní 1828. Ó pupa, wọ́n ń pè é ní Abu Ja. Nígbà tí ìjọba wá ilẹ̀ olú-ìlú tuntun ní 1976, wọ́n mú orúkọ náà fún un, ìlú tiwọn sì di Suleja, láti ara orúkọ Suleimanu Barau tó wà lórí oyè nígbà náà. Ó ní, "Orúkọ èèyàn ni gbogbo yín ń gbé inú rẹ̀." Ó sanwó pákó rẹ̀, ó lọ. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi bọ̀rọ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo pe àbúrò bàbá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Òun ló kù tó mọ ìtàn ilé wa. Mo sọ fún wọn pé Adéwálé la fẹ́ sọ ọmọ tó ń bọ̀. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní:

"Adé wo ló ń wálé? Ta ló jọba rí nílé wa?"

Mo ní ẹ̀yin bàbá, gbogbo èèyàn ló ń jẹ́ Adé báyìí.

"Kí gbogbo èèyàn máa jẹ́ ẹ. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ọdẹ ni wá. Ọdẹ́ ló wà níwájú orúkọ bàbá mi, Ọdẹ́ ló wà níwájú ti bàbá rẹ kó tó ṣe ìrìbọmi tó fi Olú rọ́pò rẹ̀. Ọdẹ ló tẹ Ògbómọ̀ṣọ́ yìí dó, Ṣòún Ògúnlọlá. Tí nǹkan kan bá ń wálé, Ọdẹ́ ni."

Bí Adéwálé ṣe di Ọdẹ́wálé nìyẹn, lórí fóònù, láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Mi ò bínú sí bàbá mi pé ó yí orúkọ padà. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe nígbà yẹn, wọ́n yọ Ifá, wọ́n yọ Ògún, wọ́n fi Olú sí i. Ṣùgbọ́n ọdẹ kì í ṣe òrìṣà. Iṣẹ́ ni. Mi ò rí ohun tó burú nínú kí ọmọ onígbàgbọ́ jẹ́ ẹ.

Ìyàwó mi ló rí ohun tó burú. "Bàbá Tómi, Ọdẹ́? Ní Abuja níbí?" Ó mú bébà, ó kọ ọ́ bí wọn yóò ṣe kọ ọ́ níléèwé, láìsí àmì kankan: Odewale. Ó gé e sí méjì, ó fi ọwọ́ bo ìdajì kejì, ó ní kí n ka ohun tó kù. Mo kà á. Kò sí ọmọ Yorùbá tó ti gbé ìgboro rí tí yóò ka lẹ́tà mẹ́ta yẹn tí ọ̀dẹ̀ kò ní kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn. Mo ti sá fún etí Hausa, mo wá bá ìtìjú nínú èdè mi. A fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ níbẹ̀, a sì wà bẹ́ẹ̀ títí oṣù fi pé.

Ọjọ́bọ̀ ló bí i, ní ìdájí. Ìwọ́ wé mọ́ ọmọ náà lọ́rùn. Ìwọ̀nba ìṣẹ́jú tí àwọn agbẹ̀bí fi tú u kúrò, èmi nìkan ló mọ bó ṣe gùn tó lára mi, níbi tí mo dúró sí lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó sunkún. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀.

Nígbà tí mo pe ìyá mi, wọn ò tíì béèrè bí ọmọ ṣe tóbi tó tí mo fi sọ ti ìwọ́ fún wọn. Wọ́n pariwo lórí fóònù: "Òjó! Òjó ò sí nílé, ọmọ adìyẹ dàgbà! Orúkọ ti bá a tọ̀run wá, ẹ tún ń wá kiri?" Mo mọ̀ pé òótọ́ ni wọ́n sọ. Bí Ìgè ṣe jẹ́ ti ẹni tó mú ẹsẹ̀ jáde, tí Ajàyí jẹ́ ti ẹni tó dojú bolẹ̀ jáde, bẹ́ẹ̀ ni Òjó jẹ́ ti ọkùnrin tí ìwọ́ bá wé mọ́ lọ́rùn. Àmútọ̀runwá ni, àwọn òbí kọ́ ló ń yàn án. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe gbé fóònù sílẹ̀ ni mo ti kọ ọ́ sínú ọkàn láìsí àmì: ojo. Ẹni tí kò ní láyà! Ọmọ ọdẹ tó tún jẹ́ ojo!

Nọ́ọ̀sì tó wá wọn ọmọ náà lọ́jọ́ kejì gbọ́ tí ìyàwó mi ń pè é ní Òjó lábẹ́nu. Ọmọ Ígálà ni. Ojú rẹ̀ tàn, ó bi wá bóyá Kogi la ti wá. Ó ní lédè àwọn, Ọlọ́run ni Ojo, òun fúnra òun ní àbúrò tí Ojo wà níwájú orúkọ rẹ̀. Bó ṣe gbé ọmọ náà sórí òṣùwọ̀n, ó ń fi orúkọ náà ṣe àdúrà fún un. Mo wò ó. Orúkọ kan náà tí mo ti ń bẹ̀rù, ó gbọ́ ọ, ó sì gbọ́ Ọlọ́run.

Ìyá mi dé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ọkọ̀ tó gba Kàbbà àti Lọ́kọ́jà ló gbé wọn wá, pẹ̀lú báàgì tó kún fún orógbó, obì, atare, oyin, àti òrí inú ike. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì wọ́n gbé bàsíà kalẹ̀ lẹ́yìnkùlé, wọ́n na ẹsẹ̀ méjèèjì, wọ́n tẹ́ ọmọ sórí rẹ̀. Wọ́n fi kànìnkànìn ha gbogbo ara rẹ̀, wọ́n bu omi lọ́wọ́ọ́rọ́ sí i láyà, wọ́n gbé e lápá méjèèjì, wọ́n jù ú sókè díẹ̀, ó kérora, wọ́n ní "kú ìwẹ̀, Òjó." Èmi ló mú tówẹ́ẹ̀lì dání. Bí wọ́n ṣe ń fi òrí ra àtàrí rẹ̀, mo sọ fún wọn, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti dàgbà, ohun tí ojú mi rí níléèwé ní Jọ́ọ̀sì.

Ọwọ́ wọn dúró lórí ọmọ náà. Wọ́n ní, "O ò bi mí rí pé kí ló dé tí a fi sọ ọ́ ní Ṣẹ́gun."

Lóòótọ́, mi ò bi wọ́n rí. Orúkọ tí mo ń sá fún, ta ló máa bi ìtàn rẹ̀? Wọ́n ní ọjọ́ méjì ni àwọn fi rọbí mi. Dókítà jáde sí bàbá mi pé kó pinnu, ìyá tàbí ọmọ. Bàbá mi ní òun ò lè mú ọ̀kan. Ó dúró síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, ó ń gbàdúrà, wọ́n ní kó jókòó, kò jókòó. Nígbà tí wọ́n wá pè é wọlé tó bá èèyàn méjì lórí bẹ́ẹ̀dì, ọ̀rọ̀ kan péré ló jáde lẹ́nu rẹ̀. Olúwaṣẹ́gun. Wọ́n ní, "Ohun tó sọ lọ́jọ́ yẹn ni wọ́n fi ń pè ọ́." Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi òrí pa ọmọ.

Bàbá mi ti kú, mi ò lè dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn mọ́. Mo wọ yàrá lọ bá ìyàwó mi, mo ní ìbẹ̀rù àwọn ọmọ tí kò tíì wọ iléèwé ni mo fi ń yan orúkọ látọjọ́ yìí, èmi àti ìwọ àti bébà rẹ. Ó béèrè ohun tí mo rí. Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un. Ó sunkún díẹ̀, ó ní, "Tó bá jẹ́ Ọdẹ́wálé, àwa méjèèjì la máa pè é bó ṣe yẹ, lójoojúmọ́. Kò gbọdọ̀ sí Wálé lásán nílé yìí." Mo gbà. Mo rò pé ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣì í nìyí ní Abuja: a ó sọ ọmọ lórúkọ tó gùn, tó dáa, tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì a ti gé e kù sí ohun tí aládùúgbò lè pè.

Ìkómọ bọ́ sí Ọjọ́bọ̀ kejì. Ìyá mi ní láyé àtijọ́ ọjọ́ kẹsàn-án ni ti ọkùnrin, ìkeje ni ti obìnrin, ìkẹjọ ni ti ìbejì, ṣùgbọ́n ìkẹjọ ni gbogbo ayé ń lò báyìí. Aládùúgbò wa tó jẹ́ Hausa ní ọjọ́ keje ni tiwọn, a sì kà á títí, a rí i pé ọjọ́ kan náà ni: àwa ń ka ọjọ́ ìbí mọ́ ọn, àwọn kì í kà á. Pásítọ̀ gbàdúrà, ìyá mi fi oyin kan ọmọ lẹ́nu, ó lá a. Abọ́ omi wà nílẹ̀, olúkúlùkù ju owó sí i, ó sọ orúkọ tirẹ̀. Bàbá ìyàwó mi sọ ọ́ ní Ìfẹ́dayọ̀. Ìyá mi fún un ní oríkì, Àlàó. Àbúrò bàbá mi sọ tiwọn lórí fóònù, mo gbé ẹ̀rọ náà sókè kí gbogbo èèyàn gbọ́: Ọdẹ́wálé. Àwọn aládùúgbò wa ní Danlami ni tàwọn, torí Ọjọ́bọ̀ ni. Mo gbà á tayọ̀tayọ̀. Mo mọ ohun tí Danladi ṣe fún mi.

Ọdẹ́wálé Òjó la kọ sínú ìwé ìbí. Lẹ́tà lásán ni wọ́n tẹ̀ síbẹ̀, kò sí àmì kan lórí rẹ̀ tàbí lábẹ́ rẹ̀. Mo gbà á lọ́wọ́ wọn, mo dúpẹ́.

Ní Dei-Dei, mo yan pákó ọ̀gànwó kan tó pupa dáadáa, mo ní kí káfíńtà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bó o. Ó fi ṣíṣẹ́lì gbẹ́ lẹ́tà méje sí i, ó gbẹ́ àmì ohùn sórí ẹ, a, àti e, ó béèrè bóyá ó ti tán. Mo ní kò tíì tán. Mo mú ìṣó méjì tó ní orí ribiti, mo kàn án fúnra mi, ọ̀kan lábẹ́ lẹ́tà O, ọ̀kan lábẹ́ e tó tẹ̀ lé d. Mallam tó ń bá mi kó pákó dúró tì mí. Ó fi ìka kan ìṣó àkọ́kọ́, ó ní kí ni ìyẹn ń ṣe níbẹ̀. Mo ní kó máa wo ẹnu mi. Mo pe orúkọ ọmọ mi fún un, lẹ́ẹ̀mẹta.