Ọmọ Wẹ́wẹ́ Lójú Ọ̀nà Abúlé: Àṣìṣe Tí Àwa Òbí Ní Àbújá Máa Ń Ṣe

Ìparí oṣù Kẹsàn-án ni, ọjọ́ Sátidé. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, gbogbo Kubwa tutù. Mo fún àkọ́bí mi ní ọgọ́rùn-ún náírà kan tó ti gbó pé kó lọ ra píọ̀ wọ́tà wá. Ó yí ojú Awólọ́wọ̀ dà sísàlẹ̀, ó wo ẹ̀yìn owó náà títí, ó ní, "Mọ́mì, ṣé òkúta yìí wà lóòótọ́?" Ọmọ ọdún méje ni. Mo ní ó wà, Zuma ló ń jẹ́. Bàbá wọn gbọ́ wa láti inú yàrá. Ó ní a lè rí i lónìí gan-an, pé ẹ̀bá ọ̀nà Kaduna ló dúró sí, ká sì ti ibẹ̀ gba Suleja lọ wo omi Gurara tó ń já láti orí àpáta. Kí n tó ṣẹ́jú, àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wọ bàtà. Aago méjìlá ọ̀sán ti kọjá ká tó jáde nílé.

Mo fẹ́ràn irú ìrìn báyìí, n kò sì ní sọ fún òbí kankan pé kó má rìn ín. Ọmọ tí a bí sí Kubwa, Lugbe tàbí Gwarinpa lè dàgbà láì rí bí ebè iṣu ṣe rí. Àmọ́ láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń tẹ́tí sí ìtàn àwọn ẹbí mìíràn, àṣìṣe kan náà ló sì ń kó gbogbo wa sí wàhálà. Ìlọ lè jẹ́ òjijì. Àbọ̀ ni kò gbọdọ̀ jẹ́ òjijì.

Ẹ má jáde láì mọ aago tí ẹ máa yí padà

Ẹni tó ń gbé Àbújá mọ bí Zuba àti Madalla ṣe máa ń rí lọ́jọ́ Sátidé. Tírélà tó ń bọ̀ láti Lokoja àti èyí tó ń lọ sí Kaduna á pàdé níbẹ̀, ọlọ́jà á tẹ́jà dé etí títì, ọkọ̀ kò ní lè mira. Ó lé ní wákàtí kan ká tó jáde nínú rẹ̀. Lẹ́yìn Suleja, ọ̀nà Minna kún fún kòtò, omi òjò sì bo àwọn kòtò náà, a kò mọ èyí tó jìn. Aago mẹ́ta ti kọjá ká tó dé Gurara. Omi náà lẹ́wà: ó ń já láti orí àpáta tó ga tó nǹkan bíi mítà 30, ìrì rẹ̀ ń fọ́n sí wa lójú níbi tí a dúró sí. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kò tíì wò ó tẹ́rùn tí a fi ní ká máa lọ.

Lójú ọ̀nà àbọ̀ ni táyà ẹ̀yìn ti bẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko ọkà bàbà tó ga ju ènìyàn lọ. Ọkọ mi gbé sípíà jáde, kò sí afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀. Mo jókòó sínú ọkọ̀, àbíkẹ́yìn mi wà lẹ́sẹ̀ mi, mo ń wo bí oòrùn ṣe ń lọ sẹ́yìn ọkà, àyà mi ń já. Èyí àárín ń béèrè oúnjẹ. Kò sí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì.

Ní agbègbè wa yìí, kì í ṣe kòtò nìkan ni ewu alẹ́. Gbogbo wa mọ ohun tí àwọn ajínigbé ti fi ojú àwọn èèyàn rí lọ́nà Àbújá sí Kaduna, a sì rántí ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n kọlù ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 2022. Àwọn abúlé kan ní Bwari, Kuje àti Abaji náà ti fara gbá a, bẹ́ẹ̀ inú Àbújá ni wọ́n wà. Láàrin aago mẹ́fà sí aago méje alẹ́ ni oòrùn máa ń wọ̀ níbí jákèjádò ọdún, òkùnkùn kì í sì í pẹ́ ṣú lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá ní ọmọ wẹ́wẹ́ nínú ọkọ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá òun lójú ọ̀nà.

Ohun tí à ń ṣe nísinsìnyí nìyí. Bí a bá jáde ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀, tí a sì fẹ́ wọlé ní aago mẹ́rin, aago méjìlá ni a máa yí orí ọkọ̀ padà, ì báà ṣe pé a ti dé ibi tí à ń lọ tàbí a kò tíì dé. A kì í bá ọmọ jiyàn lé e lórí, a kì í sì í bá ara wa jiyàn. Kí a tó kúrò ní ìlú, a ó dúró ní gáréèjì, a ó bi àwọn awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà náà lójoojúmọ́ pé báwo ló ṣe rí láàárọ̀ yìí. Ìròyìn oṣù tó kọjá kò wúlò. Bí awakọ̀ bá mi orí tàbí tó dákẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn, ilé là ń padà sí. Ẹ sọ fún àbúrò tàbí aládùúgbò ọ̀nà tí ẹ ń gbà àti aago tí ẹ máa dé. Nọ́ńbà àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ni 122, ti pàjáwìrì gbogbogbòò ni 112. Ẹ kọ méjèèjì sórí pépà, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú ọkọ̀, nítorí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń lù kì í rántí nọ́ńbà.

Ọkọ̀ tó mọ ọ̀nà ọ́fíìsì kò mọ ọ̀nà oko

Táyà tókúnbọ̀ ni a rà, a kò wo ọjọ́ orí rẹ̀. Lára gbogbo táyà ni nọ́ńbà mẹ́rin kan wà, ní ìparí ìlà tí lẹ́tà DOT bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá rí 3521, ọ̀sẹ̀ 35 ọdún 2021 ni wọ́n ṣe é. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lo táyà tó ti ju ọdún mẹ́rin lọ. Tiwa ti pé méje. Ẹ tẹ sípíà wò kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ sì rí i pé jáàkì àti sípánà wà nínú búùtù. Ẹ rọ epo kún táǹkì ní ìlú. Ẹ má gbé kẹ́ẹ̀gì epo sẹ́yìn ìjókòó àwọn ọmọ, torí èéfín rẹ̀ nìkan tó láti mú ọmọ bì, iná kékeré kan sì tó láti pa gbogbo ilé run.

Ẹ má sì gba gbogbo ohun tí Google Maps bá sọ gbọ́. Ó lè pe ipa ẹsẹ̀ màlúù ní ọ̀nà ọkọ̀. Bí ọ̀nà bá ń fún mọ́ yín lára, ẹ dúró, ẹ bi èèyàn.

Ibi tí ọmọ jókòó sí, ohun tó jẹ, omi tó wọ̀

Iwájú ọkọ̀ ni mo gbé àbíkẹ́yìn mi lé ẹsẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọ̀pọ̀ ìyá ló ń ṣe é, a rò pé apá wa ló dáàbò bò ó jù. Irọ́ ni. Bí ọkọ̀ bá tẹ búréèkì lójijì, kò sí apá ìyá tó lè di ọmọ mú. Ẹ̀yìn ni gbogbo wọn ń jókòó báyìí, kóówá pẹ̀lú bẹ́líìtì rẹ̀, èyí tó kéré jù wà nínú àga ọmọdé. Ẹ má sì fi ọmọ tó sùn sílẹ̀ nínú ọkọ̀ pé ẹ fẹ́ yára ra iṣu. Láàrin ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, ooru inú ọkọ̀ tí a tì sínú oòrùn lè fi bíi dígírì mẹ́wàá gbóná sí i, ara ọmọdé sì máa ń gbóná ju tiwa lọ kíákíá.

Oúnjẹ ojú ọ̀nà wa nílẹ̀ Òkè Ọya dùn, ẹ má fi du àwọn ọmọ. Máásà tó ń jáde lórí iná, kòsé gbígbóná, àgbàdo sísun, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ẹ̀yin fúnra yín bó, gbogbo ìyẹn dára. Èyí tí mo ń bẹ̀rù ni nono tí a kò sè àti kunu tí a kò mọ omi tí wọ́n fi pò ó. Wàrà tútù tí iná kò kàn lè gbé ikọ́ ẹ̀gbẹ àti àwọn àìsàn mìíràn wọ ara ọmọ. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá bẹ̀rẹ̀ tí ORS, ìyẹn oògùn tí à ń pò mọ́ omi fún un, kò sì sí lọ́wọ́, ẹ po ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀ sínú lítà kan omi mímọ́, kí ṣíbí má kún kọjá etí, ẹ máa fún un mu díẹ̀díẹ̀ títí tí ẹ ó fi dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Ní ti omi, kí ọmọ má wọ odò tàbí adágún kankan nítorí pé ó rí àwọn ọmọ abúlé nínú rẹ̀. Àtọ̀sí ajá, tó ń mú kí ọmọ máa tọ ẹ̀jẹ̀, inú irú omi bẹ́ẹ̀ ló ti ń wọ ara. Gurara ní àkókò òjò lágbára ju àgbàlagbà lọ, àpáta rẹ̀ sì ń yọ̀. Ẹ di ọmọ yín lọ́wọ́ mú.

Ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kó ti ẹnu ọmọ yín jáde

Èyí dùn mí ju táyà lọ. Ọ̀pọ̀ Yorùbá tó ń gbé Àbújá ló ń pe gbogbo ará ibí ní "Mọlà" tàbí "àbókì" lójú àwọn ọmọ wọn. Lóòótọ́, ọ̀rẹ́ ni àbókì ní èdè Háúsá, ṣùgbọ́n ohùn tí à ń fi pè é ti sọ ọ́ di èébú, ẹni tí à ń pè bẹ́ẹ̀ sì mọ̀. Èkejì, ọ̀pọ̀ abúlé tó yí Àbújá ká kì í ṣe ti Háúsá rárá. Gbagyi ni wọ́n, àwọn ló ni ilẹ̀ tí a kọ́lé sí kí òfin ọdún 1976 tó sọ ọ́ di olú-ìlú. Orúkọ Àbújá pàápàá, Suleja ló ni ín tẹ́lẹ̀. Gbagyi ni wọ́n fẹ́ kí a máa pè wọ́n, kì í ṣe Gwari.

Nígbà tí a lọ sí Ushafa ní ìtòsí Bwari lóṣù kejì, ọkùnrin kan tó ń fi ọ̀nà hàn wá dárúkọ Esu Bwari. Àkọ́bí mi kígbe sókè, "Mọ́mì, ṣé Èṣù ni ọba wọn?" Ojú tì mí, torí èmi ló yẹ kí n ti sọ fún un nílé pé Esu ni orúkọ oyè ọba Gbagyi, kò sì bá ti Yorùbá tan. Mo fi orúnkún kan ilẹ̀, mo bẹ ọkùnrin náà, ọmọ náà dọ̀bálẹ̀. Ó fà á dìde, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kó wá wo ìkòkò. Láàrin wákàtí yẹn ni ọmọ mi rí obìnrin kan tó gbé igi ìdáná lé èjìká, tí orí rẹ̀ wà lófìfo. Ó bi mí pé kí ló dé tí kò gbé e rù. Àlàyé tí àwọn Gbagyi máa ń ṣe ni pé orí ló ń darí ara, kò yẹ kí ẹrù gùn ún. Àwa tí à ń bọ orí, tí à ń ki orí, ó yẹ kó yé wa.

Ẹ kọ́ wọn ní "sannu" fún ìkíni, "ina wuni" fún ọ̀sán, "na gode" fún ọpẹ́. Ẹ kọ́kọ́ kí olórí abúlé kí ẹ tó máa rìn káàkiri. Ẹ má ya fọ́tò obìnrin láì tọrọ àyè, kí bàbá má sì wọ àgbàlá ẹlẹ́sìn Ìsìláàmù láì jẹ́ pé wọ́n pè é wọlé. Ẹ má ju súwíìtì sí àwọn ọmọ láti ojú fèrèsé ọkọ̀. Ẹ gbé e fún ìyá wọn.

Kò sì dìgbà tí ibi bá jìnnà kó tó jẹ́ abúlé. Ushafa tí Ààrẹ Clinton ti Amẹ́ríkà bẹ̀ wò lọ́dún 2000 kò jìnnà sí Kubwa. Ẹ yí ogún náírà sí ẹ̀yìn, ẹ ó rí obìnrin kan pẹ̀lú ìkòkò: Ladi Kwali ni, ọmọ Gbagyi láti Kwali, tó tún ṣiṣẹ́ ní ilé ìkòkò Suleja. Bí ọmọ bá fọwọ́ kan amọ̀ ní Ushafa lọ́sàn-án, tó sì padà wá sùn lórí ibùsùn rẹ̀, ìrìn náà ti pé.

Ẹ má gbàgbé láti pe ẹni tó ràn yín lọ́wọ́

Lọ́jọ́ tí táyà bẹ́, bàbá arúgbó kan ló yọ láti inú oko, ó gbé ọkọ́ lé èjìká. Háúsá ló fi kí wa, ọkọ mi sì gbọ́ díẹ̀ torí Katsina ló ti ṣe àgùnbánirọ̀. Bàbá náà rán ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀kadà àti sípíà wa lọ sọ́dọ̀ fọ́kánáísà, ó gbé bẹ́ǹṣì jáde fún èmi àti àwọn ọmọ, ó fún wọn ní ẹ̀pà sísè. Kò gba kọ́bọ̀. Nọ́ńbà fóònù ọmọ rẹ̀ ló fún wa, ó ní ká pe òun tí a bá délé.

A délé lálẹ́, ó ti rẹ̀ wá, a sùn. Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni ọkọ mi tó rántí. Ọmọ náà gbé fóònù fún bàbá rẹ̀. Ó béèrè bí àwọn ọmọ ṣe wà lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, ó wá ní òun jókòó ti fóònù títí ilẹ̀ fi mọ́.