Bí mo ṣe wo iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ mi sàn

Oṣù mẹ́rin ni mo fi ń tiro lọ sí balùwẹ̀ láràárọ̀. Òkè Mápó ló fà á: mo kúrò lórí pápá tó tẹ́jú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sáré gun òkè lójijì, iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ kò gbà á.

Mo fi òróró gbígbóná wọ́ ọ, mo sinmi. Ìrora lọ, mo sáré, ó padà. Ìsinmi nìkan kì í fún iṣan lágbára.

Oníṣègùn fisiotẹ́rápì kan ló ní kí n dúró sétí àtẹ̀gùn. Màá fi ẹsẹ̀ méjèèjì gòkè lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀, màá gbé èyí tó dáa kúrò, màá wá fi èyí tó ń dùn sọ gìgísẹ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìgbà 15 lọ́nà 3 pẹ̀lú orúnkún tó nà, iye kan náà pẹ̀lú orúnkún tó tẹ̀ díẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ 12. Håkan Alfredson, oníṣègùn ará Sweden, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló tẹ ètò yìí jáde lọ́dún 1998. (Tó bá jẹ́ ibi tí iṣan ti so mọ́ egungun gan-an ló ń dùn yín, ẹ má jẹ́ kí gìgísẹ̀ lọ sísàlẹ̀ ju etí àtẹ̀gùn lọ o.)

Ó dùn mí gan-an níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó rọrùn, mo kó ìwé sí báàgì, mo gbé e kọ́ ẹ̀yìn kí ẹrù tí ẹsẹ̀ ń gbé lè wúwo sí i. Ní ọ̀sẹ̀ keje, mo jí, n kò tiro.