Owó fàdákà ńlá tó ní àbùkù díẹ̀: bí a ṣe ń díye lé e àti bí a ṣe ń tà á

Fàdákà kì í dín nínú owó ẹyọ torí pé ojú rẹ̀ họ. Owó tó wọn áúnsì 5, tó já bọ́ lórí tábìlì tí etí rẹ̀ sì tẹ̀ díẹ̀, áúnsì 5 náà ló ṣì jẹ́. Ohun tí àbùkù máa ń jẹ ni èlé, ìyẹn owó tí àwọn èèyàn ń san lé iye fàdákà inú rẹ̀ nítorí ẹwà rẹ̀ tàbí torí pé irú rẹ̀ kò pọ̀. Ẹni tó fẹ́ tà á gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bí èlé yẹn ti pọ̀ tó, kó tó ro ohun tí àbùkù jẹ níbẹ̀.

Láti áúnsì 2 lọ sókè títí dé odindi kílò ni mò ń pè ní ńlá níbí. Àwọn gan-an ni àpá máa ń pọ̀ lára wọn. Fàdákà tí kò ní àdàlù rọ̀, ojú owó náà fẹ̀ ó sì tẹ́jú, bí méjì bá sì kọ lu ara wọn, ìwúwo wọn á jẹ́ kí ọgbẹ́ náà jinlẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ tijú pé tiyín ní àpá.

1. Ẹ mọ ohun tó wà lọ́wọ́ yín

Ẹ ka iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀: orílẹ̀-èdè, ọdún, ìwọ̀n, àti bí fàdákà rẹ̀ ti mọ́ tó (999 nínú 1,000 ló wọ́pọ̀ jù). Ẹ yí etí rẹ̀ wò pẹ̀lú. Owó áúnsì 5 tí Amẹ́ríkà tẹ̀ láti 2010 sí 2021, tí wọ́n ń pè ní America the Beautiful, etí ni wọ́n kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí. Ojú rẹ̀ ní tirẹ̀ sọ pé sẹ́ǹtì 25 ni. Iye ojú owó yẹn, bí orúkọ oyè lásán ló rí, kò kan iye tí ẹ máa tà á.

Ọdún náà lè yí ìṣirò padà. Títí di 2015, áúnsì ni Ṣáínà fi ń wọn owó Panda. Láti 2016 wọ́n yí i sí gíráàmù, èyí tó jẹ́ áúnsì 5 tẹ́lẹ̀ sì di gíráàmù 150. Gíráàmù 5 àti ààbọ̀ ti lọ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwòrán béárì ṣì ni wọ́n jọ ní.

2. Ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì mọ̀ bóyá kì í ṣe ayédèrú

Áúnsì tí wọ́n fi ń wọn fàdákà ni áúnsì troy, gíráàmù 31.1. Áúnsì tí wọ́n fi ń wọn ìyẹ̀fun jẹ́ 28.35 péré, ẹ má jẹ́ kí síkéèlì ilé ìdáná tàn yín jẹ. Áúnsì 5 gbọ́dọ̀ jẹ́ gíráàmù 155.5, áúnsì 10 á jẹ́ 311, kílò 1 sì jẹ́ áúnsì 32.15.

Ìwọ̀n nìkan kò tó, torí ẹni tó mọ ayédèrú ṣe mọ ìwọ̀n. Ìdánwò tí mo gbẹ́kẹ̀ lé jù ni ti omi. Ẹ gbé ife omi sórí síkéèlì, kí ẹ dá síkéèlì padà sí òdo. Ẹ fi òwú tín-ín-rín so owó náà, ẹ rì í bọ omi kí omi bò ó mọ́lẹ̀, àmọ́ kó má kan ìsàlẹ̀ ife, kó má sì kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nọ́ńbà tí síkéèlì bá gbé jáde, ẹ fi pín ìwọ̀n owó náà. Fàdákà máa fún yín ní nǹkan bíi 10.5. Fún áúnsì 5, síkéèlì á kọ nǹkan bíi 14.8. Bó bá jẹ́ bàbà ni wọ́n fi fàdákà bò, á kọ nọ́ńbà tó ju 17 lọ. Bó bá jẹ́ òjé, síkéèlì á kọ bíi 13.7. Ẹ lo omi tí kò ní iyọ̀ àti ìdọ̀tí nínú, kí ẹ sì fi aṣọ rírọ̀ tẹ̀ ẹ́ kó gbẹ. Ẹ má nù ún. Èyí tó bá ṣì wà nínú ike tí ilé iṣẹ́ fi dì í, tí kò sì sí ohun tó ń ṣe yín ní iyè méjì, ẹ má tú u.

Òòfà kì í lẹ̀ mọ́ fàdákà. Bí òòfà náà bá lágbára, tí ẹ gbé owó náà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ máa rí i pé òòfà á máa yọ̀ sísàlẹ̀ lórí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ìgbín.

3. Ẹ wo àbùkù náà lábẹ́ iná kan ṣoṣo

Ẹ pa iná yòókù. Ẹ di owó náà mú létí, kí ẹ máa rọra yí i síbí sọ́hùn-ún lábẹ́ gílóòbù. Àpá tí ẹ kò rí ní ojúmọmọ á yọjú.

Àpá kéékèèké tí owó gbà nígbà tó wà pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni àwọn olùrà máa ń gbójú fò jù, àfi tó bá wà lójú àwòrán gan-an, bíi ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí wọ́n yà síbẹ̀. Etí tó tẹ̀ burú ju ìyẹn lọ, torí ojú kì í yẹ̀ ẹ́.

Àmì funfun bí ẹ̀kán wàrà tún wà. Ilé iṣẹ́ tó tẹ owó náà ló ti máa ń wá, ìyẹn ni ó fi máa ń yọ lára owó tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn rí. Kánádà bá a jà títí tí wọ́n fi gbé ọgbọ́n kan tí wọ́n pè ní MintShield jáde ní 2018 kó lè dín kù lára Maple Leaf, owó fàdákà wọn. Lójú ẹni tó ń ra fàdákà fún ìwọ̀n, kò jẹ́ nǹkankan. Ẹni tó ń kó owó ẹyọ jọ fún ẹwà á fi dín iye.

Dúdú jẹ́ ọ̀ràn mìíràn. Imí ọjọ́ inú afẹ́fẹ́ ló ń bá fàdákà jà. Bó bá ṣú pàtì, olùrà kì í fẹ́. Ṣùgbọ́n bí àwọ̀ búlúù, wúrà àti àwọ̀ àlùkò bá ti rìn yí etí rẹ̀ ká bí òṣùmàrè, àwọn kan ń wá irú rẹ̀ kiri, wọ́n sì ń sanwó lé e. Ẹ̀rí tún ni pé ẹnikẹ́ni kò tíì fọ̀ ọ́.

Èyí tó ń le àwọn èèyàn jù ni nǹkan àwọ̀ ewé tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Ike rírọ̀ tí wọ́n fi pa owó mọ́ ló ń yọ ọ́, ó sì máa ń jẹ ojú fàdákà lọ. Òun nìkan ṣoṣo ni mo gbà pé kí ẹ yọ: ẹ rì í sínú kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní acetone, èyí tí kò lábùlà, níbi tí afẹ́fẹ́ wà, tí iná kò sí nítòsí, kí ẹ yọ ọ́ láì fi nǹkankan nù ún.

4. Ẹ má fọ̀ ọ́

Mo ti fi ọṣẹ ìfọyín fọ ọ̀kan rí, owó áúnsì 10 tó ṣú díẹ̀, nígbà tí mi ò tíì gbọ́n. Ó dán yanran, inú mi dùn. Ọkùnrin tí mo gbé e lọ bá tì í sábẹ́ iná, ó yí i lẹ́ẹ̀kan péré, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ fọ èyí." Ìlà wẹ́wẹ́ bí irun orí ti yí gbogbo ojú rẹ̀ po, wọ́n ń tẹ̀lé ọwọ́ mi bí mo ṣe ń fọ̀ ọ́ yípo yípo. Ìwọ̀n ló fi san án fún mi. Dúdú tí mo bọ́ kúrò lára rẹ̀ kì bá tí jẹ ìdajì ohun tí ọṣẹ náà jẹ.

5. Ẹ ṣe ìṣirò náà

Ẹ wo iye tí áúnsì fàdákà kan ń lọ lọ́jà àgbáyé lọ́jọ́ náà gan-an. London máa ń gbé iye kan jáde lọ́sàn-án gbogbo ọjọ́ iṣẹ́, ọjà New York sì ń yí iye tirẹ̀ padà ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú. Ẹ sọ iye yẹn di ìlọ́po áúnsì tó wà lọ́wọ́ yín. Ilẹ̀ nìyẹn.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá iye tí irú owó yín, ọdún kan náà, ìwọ̀n kan náà, tí kò lábùkù, ń tà. Ohun tí wọ́n ti sanwó rẹ̀ tán ni kí ẹ wò. Iye tí ẹnì kan kọ sára ọjà rẹ̀ láti ọdún tó kọjá, ìfẹ́ ọkàn rẹ̀ ni.

Ká pe fàdákà inú rẹ̀ ní 100. Bí èyí tó mọ́ bá ń tà ní 110, èlé 10 ni gbogbo ohun tí àpá lè jẹ; ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni torí ìlà kan gbà á lọ́wọ́ yín ní 80. Bí èyí tó mọ́ bá ń tà ní 200, torí pé díẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ lọ́dún yẹn, ẹ múra, torí àpá kan náà lè mú 40 tàbí 50 lọ. Àwọn bíi Libertad áúnsì 5 ti Mẹ́síkò lè wà nínú ọ̀wọ́ kejì yìí, tó bá bọ́ sí ọdún tí wọn kò tẹ púpọ̀. Oníṣòwò ní tirẹ̀ lè fún yín ní ohun tó dín díẹ̀ sí 100, torí òun náà fẹ́ jèrè. Bí owó náà bá sì ṣe tóbi tó ni àwọn tó lè rà á ṣe ń dín kù: ẹni tó fẹ́ áúnsì kan lónìí, òmíràn lóṣù tó ń bọ̀, kò lè gé kílò yín sí wẹ́wẹ́.

Ṣé kí ẹ fi ránṣẹ́ sí PCGS tàbí NGC, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń yẹ owó ẹyọ wò, kí wọ́n fún un ní máàkì láti 1 sí 70? Fún owó tó lábùkù, mi ò rò bẹ́ẹ̀, àfi bó bá ṣọ̀wọ́n gan-an. Owó iṣẹ́ wọn á jẹ èlé tó ṣẹ́ kù, èyí tí wọ́n bá sì rí i pé wọ́n ti fọ̀, "Details" ni wọ́n ń kọ sí i dípò máàkì.

6. Ẹ gbé e síta

Ẹ yà á ní fọ́tò: iwájú, ẹ̀yìn, etí, àti àbùkù náà láti ìtòsí. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí: "Etí rẹ̀ tẹ̀ ní apá ọ̀tún lókè, bí orí ìṣáná ṣe tóbi, àmì funfun méjì wà lẹ́yìn, a kò fọ̀ ọ́." Ẹni tó ka èyí kó tó sanwó kì í dá ọjà padà.

Bó bá jẹ́ pé èlé rẹ̀ kéré, ẹ gbé e lọ bá oníṣòwò méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ bi wọ́n ní ìdá mélòó nínú iye ọjà ọjọ́ náà ni wọ́n ń san. Ẹni tí kò bá fẹ́ wọ̀n ọ́n lójú yín, ẹ kúrò níbẹ̀. Bí èlé rẹ̀ bá pọ̀, àwọn tó ń kó owó ẹyọ jọ ni kí ẹ wá lọ, bó tilẹ̀ pẹ́ díẹ̀.

Bí ẹ bá máa fi ránṣẹ́, ẹ má jẹ́ kó mì nínú ike rẹ̀, torí owó kílò kan lè fọ́ ike náà látinú. Ẹ fi páálí méjì há a láàárín, ẹ dì í sínú àpótí mìíràn, ẹ má kọ "fàdákà" sẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ sì san owó ìdójútòfò tó tó iye rẹ̀. Ẹ dúró kí owó wọlé kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Lẹ́yìn tí ẹ bá dì í tán, ẹ rí i pé wọ́n kọ ìwọ̀n ẹrù náà sórí rìsíìtì. Bí ẹni tó rà á bá ní àpótí òfìfo lòun gbà, rìsíìtì yẹn ni ẹ máa mú síta.