Kúbùsù Àgékù Aṣọ fún Ará Ilé: Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀

Tí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́ wọ Àbújá lóṣù kọkànlá báyìí, àwọn èèyàn á rántí àpò àgékù aṣọ tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ankara ìgbéyàwó àbúrò, gèlè Màmá Àgbà, ṣáàdà bàbá tí kò gba bàbá mọ́, wọ́n á ní àwọn fẹ́ rán gbogbo rẹ̀ pọ̀ di kúbùsù fún ọmọ tàbí fún òbí. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ wọ́n á fi kúbùsù yẹn bora, ọmọ á tọ̀ sí i, wọ́n á sì fọ̀ ọ́. Ọjọ́ ìfọṣọ àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ àṣìṣe máa ń hàn, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ tí wọ́n gé aṣọ ni wọ́n ti ṣe é.

Gígé aṣọ tí ẹ kò tíì fọ̀

Ankara tuntun ní sítáàṣì lára. Àdìrẹ lè ṣì ní aró tí kò tíì jáde tán. Ṣáàdà tí wọ́n fi kùmọ̀ lù ní Kano, kùmọ̀ ló jẹ́ kó máa dán. Tí omi bá ti kàn án, dídán náà ti lọ nìyẹn. Òwú máa ń súnkì, pọ́líẹ́sítà kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ súnkì rárá. Ẹ rán àwọn méjèèjì pọ̀ láìfọ̀ wọ́n, ojú rírán á ká jọ, kúbùsù á sì wú síbí wú sọ́hùn-ún.

Ẹ rẹ ohun tó bá pupa àti ohun aláró sínú abọ́ funfun, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, pẹ̀lú ọṣẹ díẹ̀. Ẹ mú aṣọ funfun tó tutù, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Tí funfun yẹn bá gba àwọ̀, ẹ máa fọ̀ ọ́ lọ títí omi á fi mọ́. Tí kò bá mọ́, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú iṣẹ́ náà. Wọ́n á ní kí ẹ fi iyọ̀ tàbí fínígà sí i. Ẹ má gbára lé e; aṣọ tí wọ́n ti pa láró tán kì í gbọ́ ti iyọ̀.

Kíkó gbogbo aṣọ pọ̀ nítorí ìfẹ́

Ibí ni wàhálà pọ̀ sí jù. Wọ́n ní ọmọdé lè láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òótọ́ ni, àpò Màmá Àgbà kún, ṣùgbọ́n pé ó kún kò ní kí gbogbo rẹ̀ wọ inú kúbùsù kan.

Ìyá kan ní Karu mú èyí tó rán fún ọmọ rẹ̀ wá. Aṣọ òkè ìgbéyàwó wà láàárín, léèsì yí i ká, ankara wá yí léèsì ká. Ó lẹ́wà gan-an. Mo gbé e sún mọ́ fèrèsé. Òwú ẹ̀rọ kò já rárá, ìlà rírán wà digbí. Aṣọ òkè gan-an ló ń sá kúrò nínú rẹ̀, fọ́nrán kan lẹ́yìn òmíràn, títí àlàfo tí ìka méjì gbà fi ṣí sílẹ̀. Aṣọ òkè, fọ́nrán rẹ̀ nípọn, etí tí a bá gé sì máa ń tú. Ìdá kan nínú mẹ́rin íǹṣì tí ankara fara mọ́ létí kò tó o. Kí ẹ tó gé e, ẹ fi áyọ́ọ̀nù lẹ gọ́ọ̀mù tí àwọn télọ̀ ń lò sínú kọ́là mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ fi rírán wọ́kọwọ̀kọ tí wọ́n ń pè ní síígísáàgì yí etí rẹ̀ ká, kí ẹ sì fi ìlàjì íǹṣì sílẹ̀ fún ojú rírán. Léèsì ní tirẹ̀, ẹ kọ́kọ́ tẹ́ ẹ lé aṣọ òwú, kí ẹ rán méjèèjì bí ẹyọ kan. Aṣọ tó ní òkúta tàbí ìlẹ̀kẹ̀ lára, ìrọ̀rí àga ni kí ẹ fi rán. Ta ló fẹ́ kí òkúta máa gún òun lójú oorun?

“Àgékù ni, kò nílò téèpù”

Ẹ gé ègé 12 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní íǹṣì 5, ẹ rò pé ìlà kan á jẹ́ íǹṣì 60. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú rírán 11 ló wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan á jẹ ìlàjì íǹṣì (ìdá kan nínú mẹ́rin lára ègé kọ̀ọ̀kan), íǹṣì 54 àti ààbọ̀ ló máa kù. Tí ọwọ́ yín bá tún ń yẹ̀ ní ìlà kan tí kò yẹ̀ ní ìkejì, wọn ò ní bára dọ́gba láéláé. Ẹ gé páálí sí ìwọ̀n kan, òun ni kí ẹ máa fi gé gbogbo rẹ̀. Ẹ lọ ojú rírán kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó rán òmíràn kọjá lórí rẹ̀. Tí kò bá síná, tó jẹ́ áyọ́ọ̀nù eléèdú lẹ fẹ́ lò, ẹ kọ́kọ́ fẹ́ eérú rẹ̀ dànù níta.

Ohun tí ẹ kì sínú

Òwú tí wọ́n ń kì sínú ìrọ̀rí ni ọ̀pọ̀ ń rà. Lẹ́yìn ìfọ̀ méjì, ó ti di kókó sí igun kan. Àwọn Hausa mọ èyí tipẹ́. Ẹ wo lifidi tí wọ́n fi ń bo ẹṣin níbi Durbar ní Kano, ayẹyẹ ẹlẹ́ṣin tí UNESCO kọ sínú ìwé àjogúnbá àṣà ní 2024: ìlà rírán kún ara rẹ̀ látòkè délẹ̀. Láìsí ìlà yẹn, gbogbo òwú á sọ̀kalẹ̀ síkùn ẹṣin.

Fún Àbújá, kúbùsù àtijọ́ tó fẹ́lẹ́ tàbí bẹ́díṣíìtì òwú tó nípọn ti tó láti fi sí àárín, kí ẹ rán ìlà la mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ojú, àárín àti ẹ̀yìn, já ní bí íǹṣì 4 síra wọn. Èyí tó bá nípọn jù, tó bá fi máa di oṣù kẹta, kò sẹ́ni tó máa wò ó. Ti ará Jos yàtọ̀. Ìlú tó ga ju mítà 1,200 lọ lè gba èyí tó nípọn.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, ẹ má fi irú kúbùsù yìí bò ó sùn, ó lè bo imú rẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó máa rá lórí rẹ̀.

Aṣọ olóògbé

Ẹ má fi síṣọ́ọ̀sì kàn án kí ẹbí tó pín ogún. Agbádá tí ẹ rò pé kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ, ẹ̀gbọ́n kan wà ní Ìlọrin tó ti ń retí rẹ̀.

Títún ti àtijọ́ ṣe

Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹ tó tú ohunkóhun. Ẹ gbé e síbi ìmọ́lẹ̀. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń yọ, aṣọ ti rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ má fà á ya jáde. Ẹ ṣe bí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀kú egúngún, tí ẹbí ń fi aṣọ tuntun lé ti àtijọ́ láìyọ ọ́: ẹ rán ègé tuntun bò ó. Kí tuntun náà jẹ́ èyí tó fẹ́lẹ́, tí ẹ ti fọ̀ ní ìgbà bíi mélòó kan, torí aṣọ tó le á fa èyí tó ti gbó ya. Kí ojú rírán jìnnà síra díẹ̀. Tí abẹ́rẹ́ bá lu ihò jù, ibẹ̀ náà ló máa gbà ya.

Tí ẹ bá sì fọ̀ ọ́ tán, ẹ má fi etí kan gbé e kọ́ sórí okùn. Omi ti mú un wúwo, òun fúnra rẹ̀ ló máa já ojú rírán rẹ̀. Okùn méjì ni kí ẹ tẹ́ ẹ lé, lábẹ́ ibòji, kí ẹ̀yìn rẹ̀ kọjú síta nítorí eruku ọyẹ́.