Bí O Ṣe Lè Kọ Ìrírí Ìrìn-àjò Rẹ sí Òkè Òkun

Má ṣe dúró di ìgbà tí o bá padà sí Ìbàdàn kí o tó kọ ìrírí rẹ sílẹ̀. Ní alálẹ́ ni kí o máa kọ ohun kan ṣoṣo tí ó yà ọ́ lẹ́nu. Kọ ohun tí ojú rẹ rí ná, kí o tó sọ èrò rẹ nípa rẹ̀. Ní àárọ̀ àkọ́kọ́ mi ní Jámánì, mo kúnlẹ̀ kí ìyá tí ó gbà mí sílé, ó rò pé nǹkan mi ni ó jábọ́, ni òun náà bá bẹ̀rẹ̀ tí ó ń bá mi wá a. Bí mo bá kàn kọ ọ́ pé “àṣà wọn yàtọ̀,” (gbólóhùn tí ó sú mi jù nìyẹn) ta ni yóò rí ìyá náà níbi tí ó ti ń wo abẹ́ tábìlì?