Ẹ má rò pé awakọ̀ ti rí yín: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ láàárín afẹsẹ̀rìn àti ẹni tó ń gun alùpùpù

Nínú gbogbo àṣìṣe tí mò ń rí lójú pópó, ọ̀kan ló bí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn: kéèyàn rí ọkọ̀, kó wá gbà pé awakọ̀ náà ti rí òun. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú àwọn tí jàǹbá ojú pópó ń pa kárí ayé, afẹsẹ̀rìn, oníkẹ̀kẹ́ àti àwọn tó ń gun alùpùpù lé ní ìdajì.

Lóru ni àṣìṣe yìí burú jù. Iná ọkọ̀ ń hàn láti ọ̀nà jíjìn réré, ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn sì rò pé bí òun náà ṣe hàn nìyẹn. Rárá o. Bó bá wọ aṣọ dúdú, ọkọ̀ lè ti sún mọ́ ọn tó nǹkan bí 30 mítà kí awakọ̀ tó rí i. Ọkọ̀ tó ń sáré 50 kìlómítà ní wákàtí kan ń lọ bíi 14 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ẹsẹ̀ awakọ̀ tó kan bíréèkì, bí ìdajì àyè yẹn ti lọ, bí ilẹ̀ bá sì tutù, ìyókù kò lè tó ọkọ̀ dúró. Aṣọ funfun sàn díẹ̀. Ohun tó dáa jù ni ìgbànú tàbí ọ̀já tó ń kọ mànà bí iná bá kàn án. Ẹ so ó mọ́ ọrùn ẹsẹ̀, torí ojú tètè ń mú ohun tó ń mì.

Níbi tí kò bá sí ọ̀nà afẹsẹ̀rìn, ẹ má kẹ́yìn sí ọkọ̀. Ẹ̀gbẹ́ tí ẹ ó ti máa rí èyí tó ń bọ̀ ni kí ẹ gbà.

Èyí tó ń dẹ́rù bà mí jù rèé, torí inú rere ẹnì kan ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ kan dúró, awakọ̀ ju ọwọ́ sí yín pé kí ẹ sọdá, ẹ sì sáré. Ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Ti àkọ́kọ́ ti bò yín mọ́ ọn lójú. Ẹ dé ìpẹ̀kun ọkọ̀ tó dúró náà, ẹ tún dúró, ẹ yọjú wò, kí ẹ tó tẹ̀ síwájú. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ má ṣe gba iwájú bọ́ọ̀sì tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ nínú rẹ̀ já sí títì. Fóònù ní tirẹ̀, ẹ fi sápò.

Ẹ̀yin tó ń gun alùpùpù, akoto tí ẹ kò de okùn rẹ̀ mọ́ àgbọ̀n á fò dànù kí orí tó kanlẹ̀. Fóòmù inú rẹ̀ ló ń rún kí agbárí má bàa fọ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sì lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Akoto tó ti bá jàǹbá pàdé, bó tiẹ̀ ń dán, ẹ jù ú nù. Ẹ má ra àlòkù. Ẹni tí ẹ gbé sẹ́yìn náà ní orí, ẹ wá tirẹ̀ fún un.

Ẹ má fi ara há àárín tírélà àti etí títì níbi tó ti fẹ́ yà. Bí ẹ kò bá rí ojú awakọ̀ nínú díńgí rẹ̀, òun náà kò rí yín.

Ọ̀pọ̀ ń bẹ̀rù bíréèkì iwájú, wọ́n ń lo tẹ̀yìn nìkan. Tiwájú gan-an ló ń dá alùpùpù dúró jù, torí iwájú ni ìwúwo ń lọ. Ẹ rọra tẹ méjèèjì pọ̀, kí ó má jẹ́ lórí ìlà funfun tàbí ìdérí irin ihò ojú títì tí òjò ti pa, torí ibẹ̀ ni táyà ti ń yọ̀.