Bí a ṣe ń fi ojú ẹlòmíràn tún ìdúró ènìyàn inú àwòrán ṣe

Ayàwòrán tí ó bá ti tẹjú mọ́ iṣẹ́ kan náà fún wákàtí mẹ́ta kì í rí àbùkù rẹ̀ mọ́, nítorí ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ ni ó ń rí, kì í ṣe ohun tí ó wà lórí ìwé. Nígbà kan, mo ya obìnrin tí ó ń gún iyán fún ìwé àwọn ọmọdé. Mo ti kun aṣọ rẹ̀ tán, mo ti ya òógùn sí i níwájú orí, kí n tó fi í han aládùúgbò mi kan ní Adó-Èkìtì, ìyá kan tí ó ń gún iyán tà. Ó wò ó pẹ́ díẹ̀, ó wá bi mí pé, “Ṣé ara ìyá yìí kò yá ni, tí ó fi ń fi ọmọ odó tilẹ̀?” Òótọ́ ni ó sọ. Ẹsẹ̀ obìnrin náà papọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ nà ṣánṣán, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì kàn di ọmọ odó mú láìsí agbára kankan ní èjìká. Láti ọjọ́ náà, n kò tún kun àwòrán kankan kí ojú mìíràn tó kàn án.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní ni pé kí ẹ fi àwòrán náà han ènìyàn nígbà tí ó ṣì jẹ́ ìlà pẹ́ńsù lásán. Ẹ ya ìdúró kan náà ní ọ̀nà márùn-ún tàbí mẹ́fà, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan má tóbi ju páálí ìṣáná lọ, kí ó má sì gbà yín ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ẹ má ya ojú, ẹ má ya ìka ọwọ́. Ìlà kan tí ó ti orí gba ẹ̀yìn dé gìgísẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fà, nítorí ìlà yẹn ni ó ń sọ bóyá ara ń nà, tàbí ó ń tẹ̀, tàbí ó fẹ́ ṣubú. Ẹni tí ẹ bá fi iṣẹ́ tí ẹ ti kùn tán hàn yóò rí làálàá yín, àánú yóò ṣe é, yóò sì yìn yín. Ẹni tí ó rí ìlà pẹ́ńsù kò ní ìdí láti fi ọ̀rọ̀ pamọ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wá ènìyàn mẹ́ta: ẹnì kan tí òun náà ń yàwòrán, ẹnì kan tí ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ tí ẹ ń yà, àti ọmọdé kan. Bí ó bá jẹ́ àgbẹ̀ tí ó ń kọ ebè ni ẹ ń yà, ẹ wá ẹni tí ó mọ ebè í kọ. Ní tèmi, ẹni kejì yìí ni mo kà sí jù lọ, nítorí ara rẹ̀ mọ ohun tí ẹnu ayàwòrán kò lè ṣàlàyé.

Ìbéèrè tí a óò bi wọ́n ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù. Ẹ má ṣe béèrè pé, “Ṣé ó dára?” Ní ilẹ̀ wa, àbúrò kì í ṣàdédé wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kí ó ní iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò dára. Yóò ní, “Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n, ó rẹwà gan-an,” yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹ béèrè pé, “Kí ni ẹni yìí ń ṣe? Kí ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe tán? Kí ni ó kàn tí yóò ṣe?” Kò sí àrífín nínú kí ọmọdé dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, ìdáhùn rẹ̀ yóò sì tú àṣìṣe yín síta láìjẹ́ pé ó dárúkọ rẹ̀. Bí ẹ bá ti béèrè tán, ẹ dákẹ́. Ẹ má ṣàlàyé, nítorí ẹ kò ní wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tí yóò ṣí ìwé náà lọ́jọ́ iwájú. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an: bí mo bá kọ “ọwọ́ kò tọ̀nà” dípò “ó ń fi ọmọ odó tilẹ̀,” mo ti sọ èyí tí ó wúlò jù nínú ọ̀rọ̀ náà nù.

Nígbà náà ni kí ẹ wá ìdí ohun tí wọ́n rí. Ẹ kun gbogbo ara ẹni náà ní dúdú bí òjìji, kí ẹ wò ó bóyá a ṣì lè mọ ohun tí ó ń ṣe. Bí ọwọ́ bá ti wọnú àyà lọ tí a kò rí i mọ́, ẹ gbé e jáde sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ gbé àwòrán náà síwájú dígí, nítorí ohun tí ó wọ́ tí ojú yín ti mọ́ lára yóò hàn síta. Ẹ fa ìlà kan tààrà láti kòtò ọrùn wá sí ilẹ̀: bí ẹni náà bá fi ẹsẹ̀ méjèèjì dúró jẹ́ẹ́, ìlà yẹn gbọ́dọ̀ bọ́ sí àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, àfi bí ó bá fara ti nǹkan. Bí ó bá gbé ara lé ẹsẹ̀ kan, ìbàdí ẹ̀gbẹ́ yẹn a gòkè, èjìká ẹ̀gbẹ́ kan náà a sì sábà wálẹ̀.

Ẹ fi ara yín dán ìdúró náà wò pẹ̀lú. Mo lọ bá ìyá náà nídìí odó. Nígbà tí ọmọ odó bá wà lókè, ẹ̀yìn rẹ̀ a nà, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ a gòkè kọjá etí. Bí ó bá ń bọ̀ wálẹ̀, orúnkún a rọ̀, ìbàdí a yọ sẹ́yìn, ẹsẹ̀ a sì ti yà síra kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀. Ojú rẹ̀ kò kúrò nínú odó. Mo rí i pé àárín ọ̀nà ni mo ti dá ọmọ odó tèmi dúró, níbi tí agbára kò ti hàn rárá.

Bí ọ̀rẹ́ ayàwòrán bá fẹ́ ṣàtúnṣe, ẹ jẹ́ kí ó fi ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé orí tiyín kí ó yà á, tàbí, bí ẹ bá ń lo táblẹ́ẹ̀tì, kí ó ṣe é lórí ìpele tuntun, tí ó dà bí ìwé mìíràn tí a tẹ́ lé orí tiyín.

Kì í ṣe gbogbo ìmọ̀ràn ni a ń gbà. Ẹnì kan lè sọ pé orí ti tóbi jù, nítorí orí àgbàlagbà gidi máa ń tó nǹkan bí ìdá kan nínú méje àti ààbọ̀ gígùn ara. Ṣùgbọ́n àwọn agbẹ́gilére wa máa ń gbẹ́ ẹ tó ìdá kan nínú mẹ́rin, wọ́n sì mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn agbẹ́gilére náà, tí ó kú ní nǹkan bí ọdún 1938, gbẹ́ òpó kan fún ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, níbi tí ọba ti jókòó tí olorì sì dúró lẹ́yìn rẹ̀, tí ó tóbi jù ú lọ, tí ó fọwọ́ lé ìtẹ́. Ẹni tí ó bá ní kí a dín olorì yẹn kù kò tíì béèrè ohun tí òpó náà ń sọ. Nítorí náà, bí ìmọ̀ràn bá kan ohun tí ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe, ẹ wò ó bóyá ìtumọ̀ rẹ̀ hàn sí àwọn méjì yòókù. Bí kò bá hàn sí ẹnikẹ́ni, ẹ yí i padà.

Ní ìparí, ẹ fi àtúnṣe náà han ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí ẹ sì fi han ẹnì kan tí kò rí i rí. Mo ya obìnrin mi tuntun pẹ̀lú ọmọ odó lókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ yà síra, gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ nà bí ọrun tí a fà. Ìyá náà wò ó. Kò mẹ́nu kan ọwọ́, kò mẹ́nu kan ẹsẹ̀. Ó ní, “Iyán yẹn á ti máa le báyìí, kí ó wọ́n omi díẹ̀ sí i.” Ọjọ́ yẹn ni mo tó kùn ún.